Àga Tí Wọ́n Fi Rẹ́rìn-ín Nínú Fíìmù Rẹ

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọ kú iṣẹ́. Mo lérò pé ara rẹ le. Ara tèmi náà le, inú mi ni kò dùn, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ.

A ti wo fíìmù rẹ. Èmi àti Màmá la jọ lọ. Bàtà tuntun ni wọ́n wọ̀, torí pé ọmọ wọn ló ṣe é. Ìwọ lo wá bá wọn lórí òrùlé pẹrẹsẹ ilé alágbàfọ̀, níbi tí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Màmá, Télọ̀, Nọ́ọ̀sì Àgbà àtàwọn mẹ́ta yòókù, ti máa ń pàdé nírọ̀lẹ́ láti dúró de àwọn ará inú ìràwọ̀ tí wọ́n gbà pé wọ́n ń bọ̀ wá kó àwọn lọ. O ní o fẹ́ kí ayé mọ̀ wọ́n ni. Wọ́n gbà ọ́ gbọ́.

Ẹni tá a ní kó fẹ́ni lójú ló wá fata sẹ́nu yìí. O fi Télọ̀ hàn níbi tó ti ń rán ẹ̀wù alápá mẹ́rin, tó ń sọ pé èèyàn ò lè mọ iye ọwọ́ tí àlejò ní. O ò fi hàn pé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, orí òrùlé yẹn nìkan ni wọ́n ti ń bi í pé, "Ṣé ẹ ti jẹun?" Nọ́ọ̀sì Àgbà ń juwọ́ sí bàlúù, ìyẹn dùn mọ́ ọ. Pé òun ló ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo wọn, o gé e dànù.

Ìgbà tó dórí àga keje, èyí tí ẹnì kankan nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kì í jókòó sí, lọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Màmá ń fi etí aṣọ nu àga tó ṣófo, ohùn rẹ sì ń sọ pé, "Àga àlejò láti ojú ọ̀run nìyí." Gbogbo èrò tá a jọ ń wòran bú sẹ́rìn-ín. Màmá tó jókòó tì mí wọ̀tún, wọ́n wòsì, wọ́n bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn yẹn ló ń dùn mí jù. Láti ọjọ́ náà, wọn ò gun àtẹ̀gùn alágbàfọ̀ mọ́. Inú yàrá ni wọ́n ń jókòó sí, àwọn nìkan.

Ta ló sọ fún ọ pé àga àlejò ni? O ò bi wọ́n. Télọ̀ sọ fún mi pé àwọn ará ìràwọ̀ kì í jókòó. Gbogbo ìgbà tó o fi ń ya fíìmù, ìdúró lo wà. Wọ́n ní kó o jókòó, o ní iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ìwọ ni Màmá ń nu àga yẹn dè.

Wá sílé, má gbé kámẹ́rà dání. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dójú tì ọ́. Wàá rí ẹni bá ọ jókòó lọ́jọ́ alẹ́ rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó pọ̀n ọ́ dàgbà.

Ọ̀rọ̀ kan kù: òjò ti bẹ̀rẹ̀, alágbàfọ̀ sì ti kó àwọn àga wọlé. Ó ní ọ̀kan ṣì wà lókè, Màmá ló ní kó má tíì gbé e.