Ìwọ̀n Oòrùn Lọ́jọ́ Ìgbéyàwó Rẹ

                                        Inú ọkọ̀ òkun,
                                        Èbúté Walvis Bay,
                                        Namibia.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Bélú, 2024.

Jọkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú oríire. Ṣé ara ìyàwó ti balẹ̀? Ilésanmí ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ńkọ́? Mo mọ̀ pé o wo ojú ọ̀nà títí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi tó yẹ kí n dúró tì ọ́, orí omi ni mo wà.

Lọ́sàn-án Sátidé yẹn gan-an ni mo ń fi sẹ́sítáǹtì wọn bí oòrùn ṣe ga tó, kí n lè mọ ibi tí a wà lórí òkun. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀gá ọkọ̀ kì í buwọ́ lùwé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá lè wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kù fún mi láti dán an wò. Bí mo bá kùnà, mo di ará orí omi fún oṣù mẹ́fà sí i.

Ara irin sẹ́sítáǹtì tó tẹ̀ bí ọrun ni à ń ka dígírì. Ara kẹ̀kẹ́ kékeré tí à ń fi ìka yí ni à ń ka mínítì. Mo ka mọ́kànlélọ́gọ́rin lára irin, méjìdínlọ́gọ́ta lára kẹ̀kẹ́. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Pius tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ṣírò rẹ̀, mo ti fi ọgọ́ta máìlì ṣìnà.

"Tèmilọlá, níbo lọkàn rẹ wà?"

"Aramọkọ ni, sà. Ọ̀rẹ́ mi ń ṣègbéyàwó lónìí."

Kò bá mi wí. Ó ní kí n tún un wò. Ìlà tó ń tọ́ka sí dígírì lára irin kò tíì kan mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó kàn sún mọ́ ọn ni.

"Mínítì ọgọ́ta ló ń di dígírì kan," ó ní. "Bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń sún mọ́ ọgọ́ta, ṣọ́ra. Ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà kò tíì wọlé. Ọgọ́rin ni kí o kà."

Mo lọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo sunkún díẹ̀. Mo ń rò ó pé ẹ ó ti máa jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn, àwọn ọlọ́kadà á máa fọn fèrè tẹ̀lé yín.

Lọ́jọ́ Àìkú, kẹ̀kẹ́ tún dé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ìlà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan márùndínláàádọ́rùn-ún. Mo rántí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn. Mo kọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ọ̀gá ọkọ̀ ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì buwọ́ lùwé mi.

Mo fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí a wà lórí máàpù òkun. Mo wá ilé, n kò rí i. Máàpù àwọn atukọ̀ kò ka ilẹ̀ sí. Tó bá ti kúrò létí omi, òfìfo ni. Mo fi rúlà wọn bí ilé ṣe jìnnà tó, ó lé ní ẹgbẹ̀fà máìlì. Mo wá fi ẹnu pẹ́ńsù sàmì kékeré kan síbi tó yẹ kí Aramọkọ wà. Ọ̀gbẹ́ni Pius ló máa ń pa ohun tí kò kan ọkọ̀ rẹ́ lórí máàpù. Ó mú rọ́bà ìparẹ́, ó wo àmì náà títí, ó sì fi í sílẹ̀.

Bá mi kí gbogbo ilé. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni mò ń bọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ,
Tèmilọlá.