Ebè Dé Ẹnu Ọ̀nà

Ṣakí, oṣù kọkànlá, 1917

Ìyá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ara wa le.

Ẹ béèrè bí Bàbá Àbíkẹ́ ṣe ń ṣe láti ìgbà tó ti ru ẹrù àwọn sójà dé láti Kamẹrúùnù. Ó ń ṣiṣẹ́, Ìyá. Kò sí ẹni tó ń kọ ebè bíi tirẹ̀ ní gbogbo Ṣakí. Nígbà tí ilẹ̀ oko tán, ó kọ ọ́ yí ilé ìdáná mi ká, ó kọ ọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará àdúgbò wá wò ó, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n sì fa ọmọ wọn lọ́wọ́ lọ.

Mo bi í pé iṣu wo la máa gbìn sí i. Ó ní, "Rọra sọ̀rọ̀, má jí àwọn tí a jọ ru ẹrù." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì rọra sọ̀rọ̀. A kì í bá ọkọ jiyàn, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.

Ìyá rẹ̀ ní iṣẹ́ kì í ṣe àìsàn, pé bí mo bá mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, mo fẹ́ sọ ọmọ òun di wèrè lójú ayé ni.

Ẹ ní ẹ ń bọ̀ ní Kérésìmesì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ rí yín. Ibi tí ẹ ó tẹ́ ẹní sí nínú yàrá ni kò sí mọ́.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Àbíkẹ́ ní kí n kí yín. Ó ti gbọ́n: ó ti mọ bí a ṣe ń káwọ́ kásẹ̀ sùn láàárín ebè méjì.

Èmi ọmọ yín,
Ojúọlápé