Ọkọ̀ Tí Mo Rà Kò Lè Dé Ṣakí

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìdágbé, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Accra níbí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè dìde torí iyanrìn tó wà nílẹ̀ yìí gbóná. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá mi. Mo kí Sìdíkà àbúrò mi, ẹni tó ń gbọ́ ohùn yín lójoojúmọ́ tí mò ń jowú rẹ̀. Mo kí gbogbo ilé, títí kan ìyàwó Bàbá Kékeré tí kò fẹ́ràn mi. Òun náà mọ̀.

Lẹ́tà yìí, èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e sí gbangba kí gbogbo èèyàn kà á, torí gbangba ni Bàbá Kékeré ti kéde ohun tí mo fẹ́ ṣàtúnṣe rẹ̀. Mo pè yín lórí fóònù, mo ní, Ìyá, mo ti ra ọkọ̀. Ẹ kígbe, ẹ sunkún, ẹ gbàdúrà, káàdì mi tán. Kí n tó ra káàdì míì, Bàbá Kékeré ti dìde ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n ní Mùdáṣírù ti ra ọkọ̀ ní Gánà. Lèmọ́mù sì ti ṣàdúrà pé kí táyà rẹ̀ má bẹ́, kí bíréèkì rẹ̀ má já. Sìdíkà ní ẹnì kan ti wá bẹ̀ yín pé kí n bá òun kó èlùbọ́ dé Ìbàdàn. Ó ní ẹ ti rán tìmùtìmù fún ìjókòó iwájú.

Ìyá mi, ọkọ̀ ojú omi ni. Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ. Igi ni wọ́n gbẹ́. Kò ní táyà, kò ní bíréèkì, ìjókòó iwájú rẹ̀ la máa ń da ẹja sí. Àti pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ tèmi. Ìdajì ni tèmi, ìdajì tó kù jẹ́ ti Ataa Okai, bàbá apẹja kan tó jẹ́ ọmọ Gã. Ataa ni wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin níbí. Ẹ̀bi èdè wa ni. Àwa tá a ní orúkọ fún oríṣiríṣi iṣu, ọkọ̀ la pe lọ́rì, ọkọ̀ la pe èyí tó ń léfòó, ọkọ̀ náà la tún pe èyí tó ń fò. Ọpẹ́ ni pé wọn ò rò pé èyí tó ń fò ni mo rà.

Kì í ṣe ìtìjú yẹn ló ń dùn mí. Sìdíkà ní ẹ ti kó ewúrẹ́ yín tọrẹ, ẹ ti di ẹrù, ẹ ní kí n fi ọkọ̀ náà wá gbé yín kí òjò tó fìdí múlẹ̀, pé ẹ ò lè dá gbé inú ilé yẹn mọ́ lẹ́yìn Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Bùràímọ̀, náà ń pè yín sí Agadez, nínú aṣálẹ̀ ilẹ̀ Niger, níbi tí Bàbá kú sí. Nígbà tí mo tún pè yín, mi ò lè sọ ti ọkọ̀ lójú ayọ̀ yín, ẹ wá bi mí pé èmi tí mo ti gbé ibi gbogbo, ibo ni ojú ọjọ́ ti dáa jù fún arúgbó: etí òkun ni àbí aṣálẹ̀, àbí kẹ́ ẹ kúkú dúró sínú òjò. Mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí n rò ó. Mo ti rò ó. Ẹ fara balẹ̀.

Aṣálẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé, lọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá tó ń lẹ táyà níbẹ̀. Ní Agadez, tẹ́ ẹ bá fọ aṣọ, kẹ́ ẹ tó sá apá ọ̀tún, apá òsì ti gbẹ. Ẹ̀fọn ò pọ̀. Búrẹ́dì àárọ̀, tó bá di ọ̀sán, ẹ lè fi kan ìṣó. Ètè mi là débi pé mi ò lè rẹ́rìn-ín, ó sì bá ibẹ̀ mu torí kò sí ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Tí ọyẹ́ bá dé, èèyàn á máa jẹ iyanrìn mọ́ oúnjẹ, á sì máa gbọ̀n lóru bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ọkọ̀ ojú omi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun ò tíì gbé mi lọ rí, aṣálẹ̀ ni omi ti gbé mi. Odò kan wà lẹ́yìn ìlú, gbígbẹ ni látọjọ́ tí mo ti débẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tutù. Mo tẹ́ ẹní síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sùn. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Àṣé òjò ti rọ̀ sórí òkè lọ́nà jíjìn, àgbàrá ń bọ̀ tòun ti igi àti òkú àgùntàn. Ìgbà tí mo máa lajú, èmi àti ẹní mi ti ń lọ. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan ló dá mi dúró. Bọ̀ọ̀dá ń yọ ẹ̀gún lára mi títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé àbúrò àwọn ló ti Ṣakí wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ní aṣálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kó ẹrù mi.

Ibẹ̀ náà ni Bàbá lọ nítorí orúnkún wọn tó máa ń wú lásìkò òjò. Mi ò ní bá Bọ̀ọ̀dá wí. Orúnkún yẹn san. Ẹ̀yin náà gbọ́ ohùn wọn nígbà tí wọ́n ní àwọn ti ju ọ̀pá nù, àwọn ń rìn dé ọjà ràkúnmí láìsí ẹni tó di àwọn mú. Ìrìn yẹn náà ni wọ́n rìn nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n padà délé, tí wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn lómi, tí wọn ò sì lè mu ún. Ojú ọjọ́ tó wo orúnkún sàn ló mú ẹni tó ni orúnkún lọ.

Ẹ bi mí bóyá ẹ máa rí sàréè wọn tẹ́ ẹ bá lọ. Òkúta ni wọ́n fi sàmì sí i, ọ̀kan níbi orí, ọ̀kan níbi ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti kó iyanrìn bò wọ́n. Bọ̀ọ̀dá mọ agbègbè ibẹ̀. Wọ́n máa ń lọ dúró síbẹ̀, wọ́n á ṣàdúrà fún gbogbo òkú tó wà níbẹ̀ lápapọ̀, kó lè kan Bàbá.

Ibi olójò ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo dé Gánà, iṣu ni mò ń rù ní Agbogbloshie, ọjà kan ní Accra, níbi tí àwọn lọ́rì tó ń ti òkè bọ̀ máa ń já ẹrù sí. Ẹnì kan mú mi lọ sí Yeji, lórí adágún ńlá tí ìjọba dí odò Volta fi ṣe, pé kí n máa bá wọn fi ọkọ̀ kó iṣu. Ojú ọjọ́ ilé gan-an nìyẹn: òjò, ooru, ẹ̀fọn, bàtà tó ń hu ewú. Ara mi mọ̀ ọ́n. Mo sùn níbẹ̀ bí ẹni tó délé. Àmọ́ igbó ló wà nísàlẹ̀ omi yẹn. Wọn ò gé gbogbo igi kí omi tó bò wọ́n, kùkùté wọn ṣì dúró síbẹ̀. Ọjọ́ kan, ìjì òjò gbé wa gun ọ̀kan, ọkọ̀ dojú dé tòun ti iṣu àti ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀. Èmi gbá kùkùté mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ fi ṣaya, títí àwọn apẹja fi wá já mi kúrò. Ẹni tó ni ẹrù bi mí pé iṣu òun dà, mo ní kó bi ewúrẹ́, àwọn ló yè bọ́ pẹ̀lú ọpọlọ pípé.

Ó wá ku ibi tí mo wà yìí. Chorkor ni wọ́n ń pe àdúgbò náà, etí òkun gan-an ni. Kò gbóná tó aṣálẹ̀, òjò rẹ̀ ò tó ti ilé, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á ní ibi ayé rèé. Tó bá di nǹkan bí àárín ọdún, omi òkun á tutù rinrin, ẹja á ya wá, apẹja á máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Túsìdeè a kì í lọ sójú omi, ọjọ́ ìsinmi òkun ni lọ́dọ̀ àwọn Gã. Mo bi Ataa Okai pé iṣẹ́ wo ni òkun ń ṣe tó fi ń sinmi, wọ́n ní gbígbé èmi kiri ló rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé mi kọjá ìgbì, mo bì títí ìfun mi fi fẹ́ jáde. Wọ́n ní kí n má tijú, àwọn ẹja ń dúpẹ́. Aláta ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá níbí. Mi ò ta ata rí láyé mi. Ti owó, tẹ́ ẹ ò ní béèrè ṣùgbọ́n tó wà nínú yín: ọjọ́ tí ẹja bá wá, à ń jẹun, ọjọ́ tí kò bá wá, à ń sọ̀rọ̀ ẹja.

Ṣùgbọ́n iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn, Ìyá. Àgádágodo mi ti dípẹtà, rédíò mi ti dípẹtà, eyín mi ló kù. Òkun sì ń jẹ ilẹ̀. Nígbà tí mo gba yàrá pákó mi, ilé àwọn ẹlòmíì wà láàárín èmi àti omi. Ní báyìí, èmi ni mo kángun sí i. Tí ìgbì bá lu ilẹ̀, ibùsùn mi máa ń mì. Mo máa ń fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù, torí mi ò rí ẹlòmíì tí mo lè bá sọ Yorùbá ní àdúgbò yìí.

Síbẹ̀, mo ti fẹ́ ní kẹ́ ẹ wá. Mo lọ wo yàrá kan fún yín ní Kokomlemle, tó jìnnà sí omi, láàárín àwọn ará wa tó ń ṣòwò. Fèrèsé rẹ̀ fẹ̀. Mo dúró sínú ẹ̀, mò ń wo ibi tẹ́ ẹ máa gbé àga yín sí, títí onílé fi bi mí bóyá mo ti sùn.

Ẹ rántí pé ẹ bi mí ní nǹkan kan sí i kí fóònù tó já, pé tí Ọlọ́run bá pè yín níbi àjò ńkọ́. Mo ní Ọlọ́run ò ní gbọ́, mo yí ọ̀rọ̀ sí ti ẹja. Jímọ̀ tó kọjá ni mo rí ìdáhùn, mi ò sì wá a lọ.

Mo lọ kírun ní Cow Lane, níbi tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ti ń tajà láti ayé àwọn bàbá wọn. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀, Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ la máa ń pè wọ́n, Ọ̀fà ni wọ́n ti wá gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ọkùnrin. Tí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, Mùdá, o ń rùn, jókòó jìnnà díẹ̀ kí n gbọ́ Yorùbá gidi. Èdè Twi ni àwọn ọmọ-ọmọ wọn fi ń dá wọn lóhùn. Mo débẹ̀ ní Jímọ̀ náà, wọ́n ní Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ ti kú láàárín ọ̀sẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n kú, wọ́n sì ti sin wọ́n kí ìrun Àsárì tó pé, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ọmọ wọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láti Ọ̀fà ni. Kò sunkún. Ó béèrè pé ta ló wẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí ni, wọ́n sì wẹ̀ wọ́n dáadáa. Ó ní ṣé wọ́n mọ̀ pé apá òsì wọn kì í nà tán, pé wọn kì í fà á. Ó tún béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Mo wolẹ̀.

Ìyá mi, mi ò kàwé, ṣùgbọ́n èyí yé mi. Òkú Mùsùlùmí kì í sùn, kì í dúró de ọmọ tó wà lọ́nà. Ojú ọjọ́ tí arúgbó bá yàn, ilẹ̀ ló yàn. Ẹ ó pẹ́ láyé lágbára Ọlọ́run, ẹ ó tọ́ mi dàgbà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ béèrè, mi ò sì ní fi ẹja bò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má wá. Ẹ má lọ sí Agadez náà. Ẹ dúró sínú òjò yín, níbi tí Sìdíkà ti mọ gbogbo eegun ara yín. Ẹnu mi ló ń sọ ọ́ o, ọkàn mi ṣì wà ní Kokomlemle. Èmi ni mò ń bọ̀ wálé.

Mo ti sọ fún Ataa Okai. Wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Wọ́n ní Aláta dà bí ẹja ìgbà òtútù, ìgbà tó wù ú ló ń wá, ìgbà tó wù ú ló ń lọ. Wọ́n ní kí n ṣáà dúró kí omi tutù ná, kí n jẹ nínú ẹja ọdún yìí, kí ìdajì tèmi má bọ́ sọ́wọ́ àwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní rárá. Wọn ò wojú mi mọ́ títí a fi jẹ kẹ́ńkẹ̀, ẹ̀kọ líle ibí yìí, tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé ṣé odò wà nílùú wa. Mo ní kò sí èyí tó tó gbé ọkọ̀. Wọ́n ní ó mà ṣe o. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń káàánú àbí ìlú náà.

N ó máa lẹ táyà nílé, ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé ẹ̀. Ẹ̀fọn á jẹ mí, n ó sì máa jí lóru torí kò sí ohun tó ń mi ibùsùn mi.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, àjò tí Bàbá lọ ò ní já síbi ègbé fún wọn. Ẹ bá mi kí ará ilé àti ará àdúgbò, ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tó ti àjò dé tí wọn ò sọ ohun tí ojú wọn rí. Ó ku ẹyọ kan. Sìdíkà ní tẹ́ ẹ bá kírun àárọ̀ tán, ẹ ṣì máa ń lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàbá, ẹ á ní ẹ káàárọ̀ o, ẹ á sì rọra dá ara yín lóhùn. Ẹ má fi yàrá yẹn fún ayálégbé. Ibẹ̀ ni n ó máa sùn. Tó bá ti di oṣù tó ń bọ̀, tẹ́ ẹ bá kí wọn tán, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dáhùn.

Èmi ni ọmọ yín tó ń di ẹrù,
Mùdáṣírù