Ẹnì Kan Ló Kù Ká Pé Mẹ́wàá

Ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù kọkànlá
Benzaquen, alága sínágọ́gù wa, wá sílé. Ó mu tíì mi tán kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní, "Baba Amram, ẹ ti ṣe tiyín. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé gba ìdarí àdúrà lọ́wọ́ yín." Ohùn mi ti ń há, ó ní. Wọ́n ti mú aṣáájú àdúrà tuntun wá láti Kasabílánkà. Mo ní kò burú. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Màá lọ sí sínágọ́gù lálẹ́ òní. Kí wọ́n má baà rò pé mò ń bínú. Mò ń bínú.

Ọjọ́ Àìkú, 10
A kì í kọ̀wé lọ́jọ́ Sábáàtì, mo dì í sínú di òní. Ẹyẹlé — orúkọ tí mo fún ọmọ Kasabílánkà yẹn nìyẹn, torí bó ṣe ń gbé àyà síwájú — fi ohùn orin rédíò kọ orin tí a fi ń kí Sábáàtì káàbọ̀. Orin tí baba mi kọ́ lẹ́nu baba rẹ̀, ní Tánjà níbí. Èmi wà lẹ́yìn, lẹ́bàá ògiri, bí àlejò. Benzaquen sọ sí mi létí: ṣé ẹ ò rí i pé ó dùn? Mo ní ó dùn. Ṣúgà náà dùn.

Ọjọ́rú, 13
Kò sẹ́ni tó yà wò mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Mi ò ní lọ lálẹ́ òní. Ẹni tó bá béèrè, ara mi ò yá. Ọkùnrin mélòó ló kù nínú àwa Júù ní ìlú yìí? Kí Ẹyẹlé máa kọrin fún àga.

Ọjọ́ Àìkú, 17, àárọ̀
Wọ́n wá lánàá. Benzaquen kan ilẹ̀kùn. "Baba Amram, mẹ́sàn-án ni wá, a ò lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ kàn wá jókòó, ẹ ò ní ṣe nǹkan kan."
Ẹ kàn wá jókòó. Bí àpò ìyẹ̀fun.
Mo dùbúlẹ̀, mi ò fọhùn. Ó lọ. Nígbà tó ṣe, ẹlòmíràn kàn án, jẹ́jẹ́: "Baba, ẹ dákun." Ẹyẹlé ni, mo mọ̀. Ó bẹ̀ mí títí. Inú mi dùn.

Ọjọ́ kan náà, ìrọ̀lẹ́
Freha wá, opó Mimoun. Mimoun tí a jọ dàgbà. Ó gbé ọbẹ̀ adìyẹ dání, ó ní wọ́n ní ara mi ò yá.
Àná ló pé ọdún kan tí Mimoun kú. Ìbínú ò jẹ́ kí n rántí. Ọmọ wọn ti wọ ọkọ̀ òfuurufú wá láti Kánádà, kó lè gba àdúrà òkú fún bàbá rẹ̀. Àdúrà yẹn ò ṣeé gbà bí ọkùnrin ò bá pé mẹ́wàá.
Freha ní, "Ọmọ mi fúnra ẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn yín. Ó bẹ̀ yín bẹ̀ yín. Ó ní oorun ló gbé yín lọ, kí n má bínú sí yín." Ọmọ náà ti padà láàárọ̀.
Ó ní kí n jẹun nígbà tó ṣì gbóná. Ó ní, "Kí ló tiẹ̀ ń ṣe yín?"
Mo ní ibà ni.