Àga Ẹ̀yìn Òpó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà
Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé eré àtijọ́ yẹn lónìí. Wọ́n fẹ́ hú gbogbo inú rẹ̀ dànù, kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ — àga, àjà, àtẹ̀gùn, títí dé yàrá tí àwọn òṣèré ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi nìkan, àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà mi dúró. Ọkọ Mi ni mo ń pè é. Kì í ráhùn, kì í hanrun.
Mi ò sọ fún ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ṣeré níbẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ojú kámẹ́rà á wà ní ṣíṣí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kí àwòrán kan tó mọ́. N ó mú èémí dání, n ó máa kà. Iye tí mo kà lónìí ju ọ̀rọ̀ tí mo bá èèyàn sọ lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Bàbá Kọ́kọ́rọ́, tó ti ń ṣọ́ ilé náà láti ogójì ọdún, rìn kọjá lórí pátákó. Ilẹ̀ gbọ̀n, àwòrán bàjẹ́. Mo kanra. Ó ní, "Má bínú, ìyá oníkámẹ́rà. Ilé yìí ti mọ ẹsẹ̀ mi jù ni." Ẹ̀rín pa mí. Ó ti pẹ́ tí mo rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje
Orí ìtàgé. Ibí ni Ẹnu-ò-sinmi máa ń dúró sí. Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn — bó bá ń gé àlùbọ́sà, ọ̀rọ̀ eré ló ń kà.
Ìwé ò lẹ́nu, jẹ́ kí n kọ ọ́. Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí eré, ó bẹ̀ mí kí n bo òun láṣìírí. Mo sọ fún Bàbá wa lọ́jọ́ kejì. Bàbá kó ẹrù rẹ̀ síta. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Ẹyin lọ̀rọ̀, mo jù ú sílẹ̀, ó fọ́.
Níbi òkú Bàbá, ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó kí gbogbo èèyàn àfi èmi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Ilé. Búrẹ́dì àti tíì. Fóònù ò dún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo gbé Ọkọ Mi lọ sẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá òpó ńlá kan. Àga kan wà lẹ́yìn òpó yẹn, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ò lè rí ju ìdajì ìtàgé lọ. Mo ní ta ló máa ń gbà láti jókòó síbí? Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ní olùkọ́ kan ni, olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ ló máa ń bẹ̀bẹ̀ fún àga náà. Gbogbo ọ̀sán Sátidé, ọdún mẹ́fà gbáko. Á kó ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dání, á máa fi bírò pupa máàkì ìṣirò títí eré á fi bẹ̀rẹ̀. Kí iná tó padà tàn, á ti lọ. "Ó ní òun ò fẹ́ kí ọmọ òun rí òun."
Gbogbo ọ̀sán Sátidé, Bàbá wa á ní òun ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ìṣirò.
Mo jókòó sí àga náà. Mi ò ya nǹkan kan mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Mo gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò Bàbá. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo pa á kó tó dún.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Ojo ni mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Mo pè é láàárọ̀. Kó tó béèrè ta ni, mo ti da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ — àga, òpó, bírò pupa. Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá máa ń wá wò yín.
 Ó wá ní, "Mo mọ̀. Ta ni kò mọ ikọ́ Bàbá? Láti Sátidé àkọ́kọ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ."
Mo ní kí ló dé tí ẹ ò lọ bá wọn? Ó ní òun ń retí kí wọ́n wá bá òun ni. Òun rò pé àyè ṣì wà.
Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Bàbá kọ́ ni mo ń wo ẹnu ọ̀nà fún. Ìwọ ni."
 Ọdún mẹ́fà. Mi ò wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Mo sọ fún un pé wọ́n á ti ilé náà pa ní Mọ́ńdè. Ó ní òun á wá lọ́la, kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó ní kó yé mi o, òun ò tíì dárí jì mí; àga yẹn lòun ń bọ̀ wá wò.
Mo ní, ẹ ṣáà máa bọ̀.