Ọta Wúwo tí Àna Yín Fi Sílẹ̀

Bàbá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín láti Accra. Ara mi le, ilé ọkọ sì tù mí lára. Ẹ má ronú nípa mi.

Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni mo fẹ́ bi yín. Oríṣi ọta méjì ni ìbọn ọkọ mi, àna yín, ń jẹ. Ọ̀kan fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń yára, ó sì ń lọ jìnnà. Èkejì wúwo, ó máa ń gbá èjìká bí ìgbà tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá ta ènìyàn nípàá, ṣùgbọ́n ó ń fọ́ eegun. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹfọ̀n tí ọta fẹ́ẹ́rẹ́ bá bà tí kò kú, ọdẹ ló máa ń yí padà wá bá. Ṣé gbogbo ẹfọ̀n náà ni, Bàbá? Ṣé kò sí èyí tó máa ń sá lọ?

Èjìká ń dùn ún nígbà tó wọkọ̀ lọ sígbó ọdẹ ní ibùdókọ̀ Tudu, ìyẹn ló fi kó èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́. Páálí ọta wúwo wà lórí pẹpẹ níbí. Jímọ̀ ló ní òun máa dé. Jímọ̀ ti kọjá, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń bàjẹ́ lọ́nà, fóònù kì í sì í wọ inú igbó.

Bí Màmá kì í ṣe é gbálẹ̀ títí ẹ ó fi ti oko ọdẹ dé, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe. Onílé wa, Maame Adwoa, yọjú lánàá, ó ní, "Ìyàwó Alata," bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí nìyẹn, "ṣé wọn kì í ta ìgbálẹ̀ nílùú yín ni?" Mo kàn rẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi kí Màmá gan-an. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò tíì gbálẹ̀.

Èmi ọmọ yín,
Àkànkẹ́