Oníbẹ́líìtì Ni Kí O Rà

Ọmọ mi,

Ẹ̀rọ tí o fẹ́ rà, tí yóò máa ká koríko màlúù bí ẹní, tí yóò sì dì í, kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Oríṣi méjì la ń lò ní oko tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí: èyí tó ń fi rólà ká a, àti èyí tó ń fi bẹ́líìtì ká a. Onírólà kì í tètè bàjẹ́, àmọ́ ìdì rẹ̀ máa ń rọ̀ láàárín. Ra oníbẹ́líìtì, ìyẹn ń ká a le.

Bí koríko bá há sínú ẹ̀rọ náà, pa ẹ́ńjìnnì kó o tó fọwọ́ kàn án. O ò ní sùúrù, èmi lo jọ. Ṣé o gbọ́? Pa á!

Ara mi le. Ẹnìkejì mi ní yàrá ló bá mi kọ èyí, ọwọ́ ọ̀tún mi kàn ń sinmi ni. Má sọ fún ìyá rẹ.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Fọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ yín fún mi.

Bàbá rẹ